Wáìnì funfun Châteauneuf-du-Pape: bí a ṣe ń yàn án, bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, àti bí a ṣe ń mu ún

Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ Châteauneuf-du-Pape, wáìnì pupa ló máa ń wá sí i lọ́kàn. Kò burú, torí pupa ló pọ̀ jù níbẹ̀. Funfun tí wọ́n ń ṣe kò tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo wáìnì tó ń jáde látibẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹlòmíì fi lè máa mu wáìnì láti ọjọ́ pípẹ́ láìfojú kàn án rí. Àwọn tó sì rí i rà, ọ̀pọ̀ wọn ni kì í gbádùn ẹ̀. Wọ́n á gbé e sínú fíríìjì mọ́jú, wọ́n á gbé e jáde nígbà tí òtútù ti mú un gan-gan, wọ́n á dà á sínú ife tóóró, wọ́n á wá ní, "Ṣé ohun tí mo torí ẹ̀ náwó nìyí?" Wáìnì náà ò ṣẹ̀ wọ́n. Òtútù ló dì í lẹ́nu.

Mo fẹ́ràn wáìnì yìí dọ́kàn, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá rí i pé wọ́n fi ìwàǹwára mu ún. Àdàpọ̀ ni. Èso àjàrà mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà míì mẹ́fà ló ń pàdé nínú ìgò kan ṣoṣo, iṣẹ́ tí oníkálukú wọn ń ṣe sì yàtọ̀. Tí ẹ bá ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìgò tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ ti mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ ṣí i, bó ṣe yẹ kó tutù tó, àti oúnjẹ tó bá a mu. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ní ẹsẹẹsẹ nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ilé ẹ̀

Ìlú kékeré ni Châteauneuf-du-Pape. Ó wà láàárín Avignon àti Orange, nítòsí odò Rhône, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Láti ọdún 1309 sí 1377, Avignon làwọn póòpù ń gbé, kì í ṣe Róòmù. Póòpù John Kejìlélógún ló kọ́ ààfin sórí òkè tó wà nílùú náà, ìyókù ògiri rẹ̀ ṣì dúró síbẹ̀ títí dòní, téèyàn bá sì wà láàárín ọgbà àjàrà, ó máa ń rí i lókèèrè.

Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan. Ní apá ibì kan, òkúta róbótó-róbótó ló bo ilẹ̀, òmíràn tó ìkúùkù, òmíràn tó orí ọmọdé. Odò ló yí wọn títí wọ́n fi dán. Oòrùn á gbóná mọ́ wọn lọ́sàn-án, wọ́n á sì máa tú ooru náà sílẹ̀ fún àjàrà lóru. Pupa ni irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ dáa fún jù. Ní ti funfun, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ máa ń wá ibi tí òkúta ẹfun tàbí iyanrìn pọ̀ sí, níbi tí ilẹ̀ ti tutù díẹ̀, kí èso má baà gbó ju bó ṣe yẹ lọ. Afẹ́fẹ́ kan tún wà tí wọ́n ń pè ní mistral, tó ń fẹ́ wá láti àríwá gba àfonífojì Rhône. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni, ó tutù, ó sì lágbára débi pé ó ń tẹ igi. Ṣùgbọ́n òun náà ló ń gbẹ ìrì kúrò lára èso, tí kì í jẹ́ kó tètè jẹrà.

Ọdún 1936 ni òfin ilẹ̀ Faransé fọwọ́ sí orúkọ Châteauneuf-du-Pape, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba ìfọwọ́sí bẹ́ẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní nǹkan bí ọdún 1920 sókè, Baron Pierre Le Roy, ẹni tó ni ilé wáìnì Château Fortia, ti kó àwọn àgbẹ̀ jọ láti ṣe òfin tí wọn ò fi ní jẹ́ kí ayédèrú ba orúkọ ìlú wọn jẹ́. Ọwọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ká èso níbẹ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ ká a. Agbára ọtí ò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Pupa àti funfun nìkan ni wọ́n lè fi orúkọ náà tà. Tí ẹnikẹ́ni bá gbé wáìnì aláwọ̀ osùn wá fún yín tó ní Châteauneuf-du-Pape ni, ẹ má san kọ́bọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ iṣẹ́ tí èso kọ̀ọ̀kan ń ṣe

Ẹ má fo ibí yìí, torí òun ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tó kù.

Ẹ wo bí a ṣe ń to ata ọbẹ̀. Tàtàṣé ló ń fún un ní àwọ̀ àti ara, rodo ló ń fún un ní oró, àlùbọ́sà ló ń mú un dùn. Kò sẹ́ni tó ń fi rodo nìkan se ọbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ làwọn àgbẹ̀ Châteauneuf ṣe ń to wáìnì funfun wọn.

Grenache blanc ló ń fún wáìnì lára. Tó bá pọ̀ nínú ìgò, ẹ máa mọ̀ ọ́n lẹ́nu: ó wúwo, ó ń yọ̀ bí ìgbà tí òróró díẹ̀ bá wà lórí ahọ́n, agbára ọtí inú ẹ̀ sì máa ń ga. Òórùn rẹ̀ kì í pariwo. Àléébù rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ máa ń tètè bà á jẹ́, kíkan inú ẹ̀ sì máa ń lọ sílẹ̀ wàrà tí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó ká a.

Clairette ti wà ní gúúsù Faransé láti ayébáyé. Òórùn òdòdó funfun àti ápù ni tirẹ̀, ìkorò kékeré kan sì máa ń wà ní ìdí rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí wáìnì sú ẹnu. Àgbẹ̀ tó bá mọṣẹ́ máa ń tètè ká a kí ó lè ta ẹnu jí.

Bourboulenc máa ń pẹ́ gbó. Pẹ̀lú gbogbo oòrùn ibẹ̀, kíkan inú rẹ̀ kì í tètè lọ, ọtí inú ẹ̀ kì í sì í ga. Tí ẹ bá mu wáìnì yìí tí itọ́ bá dà lẹ́nu yín, tí òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ bá sì ń yọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ Bourboulenc. Wọn kì í sábà dárúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àìsí rẹ̀ máa ń hàn nínú wáìnì tó bá ti wúwo jù.

Roussanne, lójú tèmi, ni ọba wọn. Tí èso rẹ̀ bá gbó, awọ rẹ̀ á pọ́n bíi ìpẹtà. Àìsàn máa ń tètè mú un lóko, kì í fìgbà gbogbo so dáadáa, àgbẹ̀ tó bá gbìn ín ti mọ̀ pé òun ti gba wàhálà. Ṣùgbọ́n oyin, ewé tíì, píà tó ti rọ̀, gbogbo òórùn wọ̀nyí ló ń kó wọ inú ìgò. Òun náà ni àgbá igi óákù bá lára mu jù láàárín wọn, òun ló sì ń mú kí wáìnì pẹ́ láyé.

Picpoul àti Picardan náà wà nínú àwọn tí òfin gbà láàyè. Ìwọ̀nba ni wọ́n máa ń fi sí i, kó lè kan díẹ̀ sí i.

Ohun kan tó máa ń da àwọn tó ń rajà láàmú: òfin ò gba Viognier àti Marsanne láàyè ní Châteauneuf-du-Pape. Ìgò Côtes du Rhône, ìyẹn wáìnì agbègbè Rhône tó gbòòrò, lè ní wọn nínú. Torí náà, ọ̀gá ìsọ̀ tó bá sọ fún yín pé Viognier ló pọ̀ nínú Châteauneuf òun, kò tíì ka ohun tó ń tà.

Àwọn àgbẹ̀ kan máa ń ká oríṣi èso méjì tàbí mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà, wọ́n á fún wọn pọ̀, wọ́n á sì jẹ́ kí wọ́n di ọtí pa pọ̀. Àwọn míì á ṣe oríṣi kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, tó bá di ìgbà òtútù wọ́n á máa tọ́ wọn wò, wọ́n á dà wọ́n pọ̀ títí yóò fi rí bí wọ́n ṣe fẹ́. Lẹ́yìn tí ṣúgà inú omi èso bá ti di ọtí tán, kíkan inú ẹ̀ tún lè rọ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n máa ń jẹ́ kó rọ̀ nínú wáìnì pupa. Nínú funfun yìí, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ máa ń dá a dúró, torí kíkan náà ò pọ̀ tẹ́lẹ̀, ibi tí oòrùn ti ń ràn bẹ́ẹ̀ ò lè jẹ́ kó pọ̀.

Ẹ wá wo bí èyí ṣe ń hàn nínú ìgò. Ilé wáìnì Château Rayas máa ń fi Grenache blanc àti Clairette ṣe tirẹ̀. Roussanne ló pọ̀ jù nínú funfun Château de Beaucastel, wọ́n tiẹ̀ tún ń ṣe ìgò kan tó jẹ́ kìkì Roussanne láti ara àwọn àjàrà àgbàlagbà. Ti Vieux Télégraphe, Clairette, Grenache blanc, Roussanne àti Bourboulenc ló pàdé nínú ẹ̀. Orúkọ ìlú kan náà ló wà lára ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n rí lẹ́nu.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka ara ìgò kí ẹ tó sanwó

Ẹ gbé ìgò náà dání, ẹ fọwọ́ pa èjìká rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ìgò Châteauneuf, ẹ máa kan ohun tí wọ́n yọ jáde lára gíláàsì: adé póòpù lókè, kọ́kọ́rọ́ méjì tó dábùú ara wọn nísàlẹ̀. Láti ọdún 1937 ni irú ìgò yìí ti wà. Kì í ṣe gbogbo ilé wáìnì ibẹ̀ ló ń lò ó, nítorí náà àìsí rẹ̀ kò sọ ìgò di ayédèrú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá orúkọ ìlú lára lébẹ́ẹ̀lì, pẹ̀lú "Appellation Châteauneuf-du-Pape Contrôlée" tàbí "Protégée" lábẹ́ ẹ̀, ìyẹn ni pé òfin dáàbò bo orúkọ náà. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti kọ ẹni tó rọ ọ́ sínú ìgò. "Mis en bouteille au château" tàbí "au domaine" túmọ̀ sí pé ilé tó ni oko náà ló rọ ọ́ sínú ìgò fúnra rẹ̀. Tí kò bá sí bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ oníṣòwò tó ra wáìnì lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Àwọn oníṣòwò tó dáa wà, mi ò bú wọn, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín, èyí tó wá láti oko tààrà ni mo máa ní kí ẹ mú.

Ẹ wá yí ìgò padà. Ẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń to orúkọ èso sí. Ẹ ka èyí tó ṣáájú, torí òun ló sábà máa ń pọ̀ jù. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ bi ẹni tó ń tajà: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Roussanne ló pọ̀ jù nínú ẹ̀ ni, àbí Clairette? Ṣé ó wọ àgbá igi?" Ìsọ̀ tó mọṣẹ́ á dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tí wọn ò bá mọ̀, ẹ lọ sórí íkànnì ilé wáìnì náà, wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ síbẹ̀. Fún wáìnì tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá, 2023, òfin Ilẹ̀ Yúróòpù ti sọ ọ́ di dandan kí wọ́n sọ àwọn èròjà tó wà nínú ẹ̀, àmì onígun mẹ́rin tí fóònù ń kà ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò fún un. Àmọ́ ìyẹn kì í sọ irú èso àjàrà tó jẹ́.

Ẹ wo agbára ọtí náà. Ìdá 13.5 sí 14.5 ló sábà máa ń jẹ́. Ìyẹn ga fún wáìnì funfun, kì í ṣe ohun téèyàn ń mu bí omi tó bá fẹ́ wa ọkọ̀ délé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wo ọdún tó wà lára ẹ̀

Ọdún tí wọ́n ká èso ni ọdún tó wà lára ìgò. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí wáìnì yìí máa ń sọ pé ó ní ojú méjì. Láàárín ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́, ó jẹ́ ọ̀dọ́: òdòdó, píà, ọsàn. Lẹ́yìn náà, àwọn kan nínú wọn, pàápàá èyí tí Roussanne pọ̀ nínú ẹ̀, á kàn dákẹ́. Ẹ máa ṣí i, kò ní burú, ṣùgbọ́n kò ní sọ̀rọ̀. Tó bá wá di ọdún mẹ́jọ, mẹ́wàá, ó tún lè jí padà, pẹ̀lú oyin, èpà yíyan, àti èso tí wọ́n sá gbẹ.

Nítorí náà, ohun tí mo máa ń gba èèyàn nímọ̀ràn nìyí. Tó bá jẹ́ Clairette tàbí Bourboulenc ló ṣáájú, tí kò sì wọ àgbá igi, ẹ mu ún nígbà tó ṣì kéré. Tó bá jẹ́ Roussanne ló pọ̀, tí ibi ìpamọ́ tó tutù sì wà, ẹ ra ju ìgò kan lọ, ẹ mu ọ̀kan nísinsìnyí, ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Tí kò bá sí ibi ìpamọ́ gidi, ẹ má pa á mọ́ rárá.

Ojú ọjọ́ náà ń dá sí i. Ní 2003, ooru tó mú ilẹ̀ Yúróòpù kì í ṣe kékeré, wáìnì funfun gúúsù sì wúwo lọ́dún yẹn. Ní oṣù Kẹrin 2021, òtútù dídì ba ọ̀pọ̀ ọgbà àjàrà jẹ́ káàkiri Faransé. Èso tí wọ́n kó kéré, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e kò gbóná lágbára, àwọn funfun ọdún náà sì ta ẹnu jí dáadáa. Ẹni tí wáìnì tó wúwo kì í bá lára mu, irú ọdún bẹ́ẹ̀ ni kó máa wá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: tí owó ò bá tó, ẹ yà sọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò

Owó gọbọi ni Châteauneuf funfun, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló bójú mu láti ra á. Côtes du Rhône funfun ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Grenache blanc, Clairette, Roussanne àti Bourboulenc wà nínú ẹ̀, Marsanne àti Viognier sì tún lè kún un. Èyí tó bá ti ọwọ́ ilé tó ń ṣe Châteauneuf wá lè dùn ju owó rẹ̀ lọ. Lirac wà ní òdìkejì odò, ó sún mọ́ Châteauneuf gan-an, mo sì gbà pé òun ni wọ́n fojú fò jù lágbègbè náà. Vacqueyras náà ń ṣe funfun. Gigondas, tó jẹ́ pé pupa àti osùn nìkan ló ń ṣe tẹ́lẹ̀, ti gba àṣẹ láti máa fi orúkọ rẹ̀ ta funfun bẹ̀rẹ̀ látorí èso ọdún 2023, Clairette ló sì gbọ́dọ̀ pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Tí ẹ bá ń lọ sí apá Marseille, ẹ wá Cassis, ìlú etíkun tó jẹ́ pé wáìnì funfun ló fi gbajúmọ̀. Marsanne àti Clairette ló ń ṣe gómìnà níbẹ̀. Ẹ má ṣì í mú fún ọtí dídùn dúdú tí wọ́n ń pè ní crème de cassis. Wọn ò tan mọ́ra rárá.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìtọ́jú

Ẹ jẹ́ kí ìgò náà dùbúlẹ̀ síbi tó ṣókùnkùn, tí òtútù ibẹ̀ wà láàárín dígírì 10 sí 15, tí kì í sì í yí padà. Ìdí tó fi gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ ni kí kọ́ọ̀kì lè máa tutù, torí tó bá gbẹ, afẹ́fẹ́ á wọlé, Grenache blanc ò sì fẹ́ràn afẹ́fẹ́. Orí fíríìjì kọ́, ẹ̀gbẹ́ sítóòfù kọ́, inú bùtú ọkọ̀ kọ́. Ẹni tó ń gbé Èkó tàbí Ìbàdàn, tí iná ń lọ tó ń bọ̀, kó kúkú fi sínú fíríìjì, kó sì mu ún láàárín oṣù mélòó kan. Ìyẹn sàn ju kí ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ní dígírì 30 lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí ó ṣe yẹ kó tutù tó

Wáìnì funfun tó fúyẹ́, tó kan dáadáa, lè tutù gan-an kó sì dùn. Kíkan rẹ̀ ló ń gbé e ró. Èyí tí a ń sọ yìí kò ní kíkan púpọ̀. Ara ẹ̀ àti òórùn ẹ̀ ló fi ń ṣe fújà, òtútù sì máa ń pa òórùn. Tó bá wà ní dígírì 5, ohun tó máa kù lẹ́nu yín ni ọtí àti ìkorò. Tó bá sì gbóná kọjá dígírì 16, ọtí ló máa ṣáájú, á máa ta yín nímú.

Dígírì 10 sí 12 ló yẹ èyí tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Èyí tí Roussanne pọ̀ nínú ẹ̀, tàbí tó ti dàgbà, tàbí tó wọ àgbá, ẹ jẹ́ kó wà láàárín 12 sí 14.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é láìní ẹ̀rọ kankan nìyí. Fíríìjì ilé sábà máa ń wà ní dígírì 4 tàbí 5. Tí ìgò bá ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀, ẹ gbé e jáde ní ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí ẹ tó bù ú. Nínú yàrá tí ooru pọ̀ sí, ìṣẹ́jú 10 sí 15 ti tó. Tó bá jẹ́ pé ìgò ò tíì wọ fíríìjì, ẹ wá bákẹ́ẹ̀tì, ẹ da yìnyín sí i, kí ẹ sì da omi lé yìnyín náà. Omi náà ṣe pàtàkì, torí yìnyín nìkan ò lè fara kan ìgò yíká. Láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 20, ó ti tutù tó. Ẹ yọ ọ́ kúrò nígbà náà. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú bákẹ́ẹ̀tì títí oúnjẹ á fi parí, kódà tó bá jẹ́ pé ilé oúnjẹ ni ẹ wà tí ẹni tó ń gbé oúnjẹ ń tẹ̀ ẹ́ padà síbẹ̀. Ẹ sọ fún un pé orí tábìlì ni ẹ fẹ́ ẹ.

Ẹ má gbé e sínú fírísà, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ ju yìnyín sínú ife. Omi á dà pọ̀ mọ́ ọn, gbogbo ohun tí àgbẹ̀ náà tò pọ̀ á tú.

Ìgbésẹ̀ keje: ṣíṣí àti yíyẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ gé bébà irin tó bo ọrùn ìgò lábẹ́ ètè rẹ̀, ẹ fi aṣọ nu orí kọ́ọ̀kì, ẹ wá yí irin ìfàkọ́ọ̀kì wọlé ní àárín gbùngbùn. Ẹ rọra fà á. Kọ́ọ̀kì ìgò tó ti dàgbà máa ń jẹ́ ẹlẹgẹ́, kò fẹ́ agídí.

Ẹ bu díẹ̀, ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó bu fún àlejò. Tó bá ń rùn bíi páálí tí òjò pa, tàbí aṣọ tí wọ́n ká sílẹ̀ láìgbẹ, kọ́ọ̀kì ló ti bà á jẹ́, kò sí ohun tó lè tún un ṣe. Ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti rà á. Tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti di ti tíì, tó ń rùn bí ápù tí wọ́n gé sílẹ̀ títí ó fi dúdú, afẹ́fẹ́ ló ti pa á, pàápàá tó bá jẹ́ pé ọdún rẹ̀ ò tíì pẹ́. Ṣùgbọ́n àwọ̀ wúrà nínú ìgò ọlọ́dún mẹ́wàá kì í ṣe àìsàn. Ohun tó yẹ kó rí nìyẹn.

Kírísítálì kéékèèké tó ń dán bí ṣúgà nídìí ìgò náà kò léwu. Kíkan inú wáìnì ló dì nínú òtútù.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ bu ú, ẹ sì ní sùúrù

Ife tó níkùn, tí ẹnu rẹ̀ sún wọlé díẹ̀, ló dáa. Irú èyí tí ẹ fi ń mu wáìnì pupa lè ṣe é. Ife gígùn tóóró tí wọ́n fi ń mu wáìnì tó ń hó kò yẹ ẹ́. Ẹ má bu ú kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta ife. Ìgò kan tó ife márùn-ún tó mọ níwọ̀n.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dán wò ni pé kí ẹ bu ife kan nígbà tó ṣì tutù, kí ẹ mu díẹ̀, kí ẹ gbé ìyókù kalẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ máa gbọ́ òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ àti nǹkan bí òkúta tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ dà lé. Ẹnu á kọ́kọ́ gbà á bí ẹni pé kò sí ohunkóhun níbẹ̀. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 10, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ikùn ife mú, ẹ yí i díẹ̀, ẹ gbóòórùn rẹ̀ padà. Píà á ti yọjú. Tí Roussanne bá wà níbẹ̀, oyin á tẹ̀ lé e, ẹ óò sì mọ̀ ọ́n lórí ahọ́n pé wáìnì náà ti fẹ̀, ó ti kún ẹnu. Tó bá tún pẹ́ sí i, ìkorò Clairette á jáde ní òpin, bí ìgbà téèyàn bá jẹ hóró inú èso. Ìgò kan náà ni, ife kan náà ni. Ooru ọwọ́ yín nìkan ló yí i padà.

Èyí tí Roussanne pọ̀ nínú ẹ̀ lè fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ kó tó là. Ẹ lè dà á sínú jọ́ọ̀gì gíláàsì mímọ́ fún bí ààbọ̀ wákàtí. Èyí tó ti dàgbà gan-an, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún un, inú ife ti tó.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: oúnjẹ

Àwọn ará gúúsù Faransé ò jìnnà lọ wá oúnjẹ tó bá a mu. Ní Nîmes, wọ́n ń gún ẹja kọ́ọ̀dù oníyọ̀ pẹ̀lú òróró ólífì títí á fi funfun tó sì múlọ́múlọ́, brandade lorúkọ ẹ̀, òun àti wáìnì yìí sì bára dọ́gba torí pé àwọn méjèèjì ló lọ́ràá. Ní Marseille, ọbẹ̀ ẹja wọn tí wọ́n ń fi saffron sè, bouillabaisse, gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Adìẹ tí wọ́n yan pẹ̀lú aáyù àti ewé tàìmù kò lè ṣi ẹsẹ̀ gbé. Lásìkò òtútù, olú dúdú tó ń hù lábẹ́ ilẹ̀ máa ń wọ ọjà Carpentras àti Richerenches. Wọ́n á fá a sórí ẹyin, ìgò ọlọ́dún mẹ́wàá ni wọ́n á sì ṣí tì í. Tó bá jẹ́ wàràkàṣì, ti ewúrẹ́ ni, bíi Picodon.

Nílé tiwa, ata ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ọtí tó lágbára máa ń mú kí oró ata le sí i lẹ́nu, nítorí náà ọbẹ̀ tí rodo ti jọba nínú ẹ̀, àti ayamáṣe pẹ̀lú ọ̀fadà, ẹ wá nǹkan míì mu sí i. Ṣùgbọ́n ìrẹsì tí a fi omi àgbọn sè, edé ńlá tí a fi bọ́tà àti aáyù dín, ẹja ọ̀sàn tí a yan láìfi ata kùn ún, ẹ̀gúsí tí ata rẹ̀ mọ níwọ̀n pẹ̀lú iyán, gbogbo wọn ló lè bá a jókòó, torí ọ̀rá àti ara ni wọ́n ní, wáìnì náà sì ní ara tó lè pàdé wọn.

Ẹ má fi mu àkàrà òyìnbó aládùn. Ṣúgà á sọ ọ́ di omi kíkorò.

Èyí tó bá ṣẹ́ kù

Ẹ ti kọ́ọ̀kì padà, ẹ gbé ìgò sínú fíríìjì ní òró. Èyí tí Clairette pọ̀ nínú ẹ̀, ẹ parí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ti Roussanne lè lo ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, nígbà míì ọjọ́ kejì ló tiẹ̀ máa ń dùn jù. Ẹ gbé e jáde ṣáájú oúnjẹ bí ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Èyí tó bá kù díẹ̀ jù láti mu, ẹ dà á sínú ìkòkò tí ẹ ti ń dín àlùbọ́sà àti aáyù fún ẹja, ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́ta kí ẹ tó fi omi sí i.